Ta Ló Gba Gbogbo Àyè Mi?

Ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹnì kan bá sọ pé òun ò ráyè, wọ́n á bi í pé ṣé ara ẹ̀ ò yá ni. Àìsàn nìkan làwọn èèyàn wa mọ̀ tó ń gba àyè lọ́wọ́ èèyàn. Tí o bá ti lè dìde, tí o lè rìn, tí ọwọ́ rẹ méjèèjì ń gbé nǹkan, o ráyè nìyẹn. Ẹ wá wo irú wàhálà tí mo fọwọ́ ara mi fà lọ́dún tí mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà yẹn. Mo ti fi ọdún márùn-ún kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì ti sú mi débi pé tí aago ìsinmi bá lù, inú mi máa ń dùn ju tàwọn ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan ṣí sókè ilé ìtajà kan ní ìgboro wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ èèyàn mẹ́rìnlá ní bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà àti fóònù á máa ṣe, pé oṣù mẹ́rin ni, pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé àwọn á gba àwọn tó bá yege síṣẹ́. Àmọ́ oṣù mẹ́rin náà, odindi ni wọ́n fẹ́ ẹ. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè di Sátidé, ká má tíì sọ ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọjọ́ méjì péré lèèyàn lè fi pa iṣẹ́ jẹ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó gbé báàgì ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo buwọ́ lùwé náà. Èmi tí mi ò pa iṣẹ́ jẹ rí nígbà tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ló máa mú mi pa tara mi jẹ?

Mo gbàgbé màmá mi ni.

Màmá mi ń ta aṣọ lọ́jà. Bàbá mi ti kú tipẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ti kó lọ sí Èkó, èmi nìkan ni mo kù pẹ̀lú màmá mi nínú ilé. Ìdílé oníṣòwò ni wá, mùsùlùmí ni wá, a sì pọ̀ bí nǹkan míì. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í ṣe nǹkan. Bí kò bá jẹ́ nikà, á jẹ́ ìsọmọlórúkọ, bí kò bá jẹ́ ìyẹn, á jẹ́ fídáù òkú. Ibi yòówù kí wọ́n ti máa dáná, àwa ọmọ osú, ìyẹn àwa obìnrin tí wọ́n bí sínú ẹbí náà, la máa ń lọ rọ́ sídìí ààrò. Màmá mi kì í tiẹ̀ bi mí. Wọ́n á ti sọ fún ẹni tó ni ìnáwó pé, "Ọmọ mi á wá." Wọ́n ń yá mi fún èèyàn bí ẹni ń yáni ní àga. Mo ti gé àlùbọ́sà dé Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ni ọmọ àbúrò bàbá mi ṣe nikà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Màmá mi ti ṣèlérí mi. Mo bínú, mo kùn, mo sì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìsọmọlórúkọ kan wáyé ní Ayépé, wọ́n tún ti ṣèlérí mi. Mo bínú jùyẹn lọ, mo kùn sókè, mo sì tún lọ. Irú ìbínú tèmi nìyẹn: ó máa ń pariwo, àmọ́ kì í dáni dúró.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá yìí, mo fi ọdún bíi mẹ́ta jù ú lọ. Nítorí náà, èmi ń pè é ní ọ̀gá, òun náà ń pè mí ní àǹtí, a jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wa títí tí ọ̀rọ̀ á fi sú wa sọ.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ó ku ẹyọ kan kí ẹ máa lọ sílé."

Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò bọ́ bàtà tí mo fi bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí tọrẹ mọ́. Tí mo bá tún pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á lé mi."

Wọ́n ní, "Ta ni mo fi ẹ́ tọrẹ fún? Àbúrò bàbá ẹ lo ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń wá ẹni tó máa gé àlùbọ́sà."

Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. "Iṣẹ́ wo lèèyàn ń jókòó ṣe, tí kò ní lè dìde nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

Mo wọ yàrá lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Àṣekágbá ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ni pé kí kálukú wa kọ iṣẹ́ kan tí ẹnì kan nílé ẹ̀ á máa lò ní ti gidi. Ọ̀gá tẹnu mọ́ ọn dáadáa: kì í ṣe iṣẹ́ tó kàn dára lójú, iṣẹ́ tí èèyàn ń lò ni. Lọ́jọ́ tí a bá máa fi hàn, àwọn àlejò á wá láti olú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á sì bèèrè pé ta ló lò ó, ìgbà wo ló lò ó. Ẹni tí wọn ò bá rí èèyàn tó ń lo tiẹ̀, ó ti fi oṣù mẹ́rin ṣeré nìyẹn. Èmi tí mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò níbi tí mo fẹ́ padà sí. Tí wọn ò bá gbà mí, ó di kí n lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, mi ò sì fẹ́ kí ojú mi rí i.

Ọ̀rọ̀ ilé wa náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ tèmi. Mo ṣe ojú ewé kan tí èèyàn lè ṣí lórí fóònù, tó ń fi hàn ìgbà tí mo bá ráyè: lálaalẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì, àti gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹbí tó bá fẹ́ mi, kó mú àsìkò kan níbẹ̀, kó sọ ìdí tó fi fẹ́ mi. Ibi tí ẹnì kan bá ti mú, á kọ "Ó ti kún" síbẹ̀, ẹlòmíràn ò ní lè mú un mọ́. Lójú mi, mo ti gba ara mi sílẹ̀ lóko ẹrú.

Aago ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é, aago méjì, aago mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Imusin, ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n mú aago méjì Sọ́ńdè. Mo wẹ̀, mo múra, mo jókòó. Wọ́n wọlé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá díẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta àti àpò gààrí kan.

Mo ní, "Ẹ̀yin mọ̀mí, aago méjì lẹ mú."

Wọ́n ní, "Wọ́n ti pe ìrun Alásárì ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀sán náà la ṣì wà."

Ẹ̀yin ará, àṣìṣe tèmi ni. Èmi tí mo dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń sọ pé "wá lẹ́yìn Àìlà," tí èyí sì lè jẹ́ ìgbà yòówù kó jẹ́ títí tí wọ́n á fi tún pe ìrun míì, báwo ni mo ṣe wá ń fi ìṣẹ́jú há àwọn èèyàn mi mọ́? Mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo fi ìrun pín ọjọ́ náà. Lẹ́yìn Àìlà. Lẹ́yìn Alásárì. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì. Ọ̀gá wa, tí kì í ṣe mùsùlùmí, wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, aago mélòó gan-an ni Àìlà?" Mo ní ó sinmi lórí ẹni tó bá bi léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa báṣẹ́ lọ.

Ní ti màmá mi, wọn ò lè tẹ lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn ò lè máa fi ìka kan ṣa nǹkan lójú fóònù bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Nítorí tiwọn ni mo ṣe fi ibì kan sí i tí èèyàn á kàn tẹ̀, tí á fi ẹnu sọ ìdí tó fi fẹ́ mi, tí ohùn ẹ̀ á sì wọlé. Fóònù wọn gan-an ni mo fi dán an wò. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi síwájú ẹnu wọn. Wọ́n ní, "Haló? Haló? Ta nìyẹn?" Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì lọ yí ẹ̀wà. Mo gbà lọ́kàn mi pé ó parí síbẹ̀, pé mọ̀mí t'Imusin nìkan ni mo lè fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa, ẹ gbọ́ yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní ṣé gómìnà ni mo dà ni. Ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí òun bá fẹ́ bímọ, òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá mo ráyè. Àmọ́ wọ́n ń lò ó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn èèyàn mi ń mú àsìkò, mò ń rí wọn, mi ò sì pa ọjọ́ iṣẹ́ kankan jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ti ra ilẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá ká fi iṣẹ́ wa hàn, mọ̀mí t'Imusin pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ibi tí mo tẹ̀ ló ní ó ti kún. Ta lò ń rí tó báyìí?" Mo ṣí i wò. Lóòótọ́, gbogbo Sọ́ńdè ti kún. Gbogbo alẹ́ ti kún. Ó kún dé ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, ó kún kọjá ẹ̀. Mo wọ inú iṣẹ́ náà lọ wò ó, níbi tí orúkọ àwọn tó mú àsìkò máa ń wà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn. Orúkọ tèmi.

Iṣẹ́ tí mo fọwọ́ mi kọ ti ya wèrè, ó ń mú mi fún ara mi. Mo ka gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún un kà láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Mi ò rí nǹkan kan. Mo fọwọ́ ara mi ṣí àsìkò mẹ́ta sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún padà. Mo fi gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè kan wá àṣìṣe náà, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Màmá mi kanlẹ̀kùn pé oúnjẹ ti délẹ̀, mo jágbe mọ́ wọn pé, "Màmá, ẹ jẹ́ n ráyè!" Láàárín gbogbo ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò pè mí síbi ààrò kankan. Mo kíyè sí i, àmọ́ mo rò pé inú ló ń bí ẹbí sí mi ni, mo sì ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá ọ̀gá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù wà níbẹ̀, kálukú ń ran iṣẹ́ tiẹ̀ mọ́lé bí télọ̀ tí Iléyá ti kàn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti bà jẹ́. Ó ń fi orúkọ mi kún gbogbo àyè."

Ó jókòó, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ẹ̀ ló ní ohùn lára. Ẹ ti gbọ́ ohun tó wà nínú wọn?"

Mo ní mi ò gbọ́ ọ, mo rò pé òfìfo ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ara mi? Ó na ìka, ó tẹ ọ̀kan.

"Bísímílááhì," ni màmá mi wí nínú yàrá náà, ketekete. "Ọmọ mi ni o. Ó fẹ́ sùn."

Ọ̀gá tẹ òmíràn.

"Ẹ má pè é o. Ó ń kàwé."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọ̀gá tún tẹ ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa tẹ ibí yìí. Ẹ má bínú. Ẹ ní kí ọmọ tiyín wá gé e."

Ilé dà rú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń na tábìlì, ọ̀gá pàápàá di ìbàdí mú. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọjọ́ tí mo fi fóònù màmá mi dán iṣẹ́ náà wò, orúkọ tèmi ni mo fi wọlé síbẹ̀, mi ò sì jáde. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀, orúkọ mi ló ń bá a wọlé. Kò sí wèrè kankan nínú iṣẹ́ náà. Màmá mi ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń gba àyè mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Àsìkò mẹ́ta tí mo ṣí sílẹ̀, màmá mi náà ni wọ́n rí i tí wọ́n sì tún un dí.

Ọ̀gá tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, tí "gbogbo" á di "dede" lẹ́nu wọn: "Dede Sọ́ńdè yìí, mo ti gbà á. Fídáù tí wọ́n tún pè é sí ní Ayépé, èmi ni mo lọ. Mo ti bá wọn gé àlùbọ́sà náà. Ẹ fi í sílẹ̀."

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni màmá mi. Wọ́n ti kúrò lẹ́ni tó ń jókòó sídìí ààrò láti ìgbà tí èmi ti mọ ọ̀bẹ dì mú, àwọn ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ wá bá lórí àga. Wọ́n ti padà lọ síbi èéfín torí tèmi, wọ́n délé, wọn ò sọ fún mi, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Èyí tí ọ̀gá tẹ̀ kẹ́yìn, ohùn wọn rọlẹ̀ nínú ẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Èyí, èmi ni mo fẹ́ rí i."

Ọ̀gá wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀. Sọ́ńdè tó kọjá ni, lẹ́yìn Alásárì. Ọjọ́ tí mo jágbe mọ́ wọn lójú ilẹ̀kùn ni. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo jáde síta, mo bá wọn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́ méjì. Mo mú abọ́ tèmi, mo ní wọ́n ṣeun, mo sì padà wọlé lọ wá àṣìṣe mi.

Ọ̀gá gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Àǹtí, kò sí nǹkan tó bà jẹ́ níbí. Ẹnì kan nílé yín ń lò ó."

Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀: mo yege. Àwọn àlejò bèèrè lọ́jọ́ kejì pé ta ló lò ó, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn méjì, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ni mo ṣì wà títí dòní. Èyí tí màmá mi ti sọ pé àwọn fẹ́ rí mi, mi ò jẹ́ kí àwọn àlejò gbọ́ ọ.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́ àwọn ohùn náà, nígbà tí aago mẹ́fà lù, mi ò dúró ṣàtúnṣe kankan bíi tàwọn yòókù. Mo wọ ọ̀kadà, ọjà ni mo gbà lọ. Màmá mi ń kó aṣọ wọlé.

Wọ́n rí mi, ojú wọn yí padà. "Kí ló dé? Wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi, Màmá."

"Kí wá ni o ń wá kiri lásìkò yìí?"

"Mo wá kí yín ni."

"Ilé kan náà là ń gbé."

"Mo mọ̀."

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, mo fẹ́ sọ pé mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín aṣọ. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi eruku ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì bi mí léèrè, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, bí ẹni tó yẹ kó ti béèrè tipẹ́:

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín níbẹ̀ yẹn gan-an?"

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń bá mi ṣọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń torí ẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n wọn jà, tí wọ́n ń torí ẹ̀ jókòó sínú èéfín. Mi ò tíì sọ fún wọn rí pé kí ni iṣẹ́ náà jẹ́.

Mo fa àpótí kan sún mọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.